Òrùka Tó Gba Ìka Kan Ṣoṣo

Ọmọbìnrin tó ni ìtàn yìí bẹ̀ wá ohun kan ṣoṣo: ká má pè é ní iṣẹ́ èṣù. Èṣù ò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, ó ní. Ọwọ́ òun méjèèjì lòun fi ṣe é, lọ́sàn-án gangan, lórí kọ̀ǹpútà tí kò lárùn kankan lára.

Lọ́yà ni. Kì í ṣe irú lọ́yà tó ń gba olè sílẹ̀ ní kóòtù o. Bí o bá fi ọpọlọ rẹ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, irú wọn ló máa kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọ́n á yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba, kí ìjọba lè fún ọ ní ìwé ẹ̀tọ́, kí ẹlòmíràn má baà jí i mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn: kí ẹlòmíràn má baà jí i.

Ọdún méjì ló fi gbé ìwé ẹ̀rí kiri bí ẹni tó ń kiri ọjà tẹ́nikẹ́ni ò rà. Ìgbà tí ọ́fíìsì kan tiẹ̀ wá gbà á, àdúgbò tó ti dàgbà ló kọ́kọ́ yọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lórúkọ mìíràn níbẹ̀ mọ́ ju Lọ́yà Wa lọ.

Ẹni tó yọ̀ jù ni àbúrò ìyá rẹ̀, ọkùnrin tó tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá náà kú. Wẹ́dà ni. Bọ̀dá Wẹ́dà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, tí Lọ́yà Wa ń pè ní Àǹtí, ni ọkọ̀ akẹ́rù kọlù lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

"Ogún ìka l'Ọlọ́run fún mi," Àǹtí máa ń sọ fún àlejò. "Mọ́kàndínlógún ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ló ṣì ń lọ síbi iṣẹ́."

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ni Àǹtí fi ń sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn yẹn já Bọ̀dá Wẹ́dà kulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, táwọn méjèèjì yí gbiiri dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ náà ló búra pé òun á ṣe àga oníkẹ̀kẹ́ tó máa ń gun àtẹ̀gùn.

Ó sì ṣe é. Oṣù mọ́kànlá ló gbà á.

Táyà mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, wọ́n jókòó bí ẹsẹ̀ ààrò. Bí ọ̀kan bá kúrò lórí ìgbésẹ̀ kan, èkejì á ti bọ́ sórí òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn kan ti ṣe é rí. Bíréèkì ni tuntun. Bíréèkì náà máa ń di àga mú pinpin fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni tó jókòó sínú àga bá fà á ló tó máa tú. Bọ̀dá Wẹ́dà ní ẹni tó ń ti àga látẹ̀yìn ò lè mọ ìgbà tó fẹ́ yẹ̀. Ẹni tó jókòó ló máa ń mọ̀ ọ́n nínú ikùn.

Ohun tí Àǹtí fi ń fa bíréèkì náà ni òrùka irin kékeré kan lábẹ́ apá àga, lápá òsì. Òwú ni ọkọ rẹ̀ fi wọn ìka náà kó tó rọ òrùka, bí ẹni tó ń lọ ra ti ìgbéyàwó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Lọ́yà Wa kúnlẹ̀ ti àga náà pẹ̀lú rúlà àti ìwé. Ó ń wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fún un ní nọ́ńbà. Òrùka yẹn ni nọ́ńbà kẹsàn-án. Ó wọn inú rẹ̀, ó wọn ìka Àǹtí, ó kọ ọ́ sílẹ̀: mílímítà méjìdínlógún.

"Ṣé ìwé yìí á jẹ́ kí wọ́n má lè jí i?" Bọ̀dá Wẹ́dà bi í.

"Bọ̀dá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ló ni ín. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ ti dé bẹ̀ ná."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Kó o má lọ tò wá sẹ́yìn àwọn ọlọ́lá tó ń wọ kóòtù àti táì lọ́jọ́ oòrùn o."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Àǹtí!"

Ibi tí àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wáyé nìyí, irú àṣìṣe tó jẹ́ pé lọ́yà nìkan ló lè ṣe é.

Nínú ọ́fíìsì wọn, ìwé ńlá kan wà, aláwọ̀ ewé. Ìwé oníbàárà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tó ni ín síbẹ̀, nítorí lọ́yà kan ò gbọ́dọ̀ gbèjà ẹni méjì tó ń du nǹkan kan náà. Bí orúkọ rẹ bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi ọ́fíìsì yẹn bá ọ jà.

Lọ́yà Wa ò kọ orúkọ Bọ̀dá Wẹ́dà síbẹ̀. Ẹbí ni. Ta ló máa ń ní kí bàbá òun forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé? Ó tẹ ìwé náà tán, ó ti fáìlì náà sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó ní tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀ báyìí, òun á gbé e lọ.

Ọwọ́ ò dilẹ̀. Iṣẹ́ ará ilé, òun ni iṣẹ́ tí gbogbo wa máa ń sọ pé "ó kúkú wà níbẹ̀" sí. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Mẹ́ta di mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn pè wọ́n sípàdé.

Ọ̀gá yìí kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ṣe ló máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ara ẹ̀ le. Àwọn lọ́yà kékeré mẹ́ta ló pè jókòó.

"Ṣé ara yín le? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà níbí yìí. Ní ìparí oṣù, ẹnì kan ni mo máa mú. Ẹni méjì á lọ." Ó bu tíì mu. "Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé-iṣẹ́ ohun èlò ilé ìwòsàn tó jẹ́ oníbàárà wa ń wá àga oníkẹ̀kẹ́ tó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹnjiníà wọn ti ṣe mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yẹ̀. Ta ló ti gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ níbì kan?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu.

"Mo mọ ẹnì kan tó ti ṣe é, sà."

Ó búra fún wa pé ohun tó wà lọ́kàn òun ni pé kí ilé-iṣẹ́ náà lọ bá Bọ̀dá Wẹ́dà ṣàdéhùn. A gbà á gbọ́. Ohun tó bani nínú jẹ́ nìyẹn gan-an.

Ọ̀gá ní kí àwọn méjì yòókù jáde. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta lẹni náà?"

"Àbúrò ìyá mi ni, sà. Wẹ́dà ni."

"Ṣé ó wà nínú ìwé oníbàárà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀?"

"Ó... ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, sà."

Ọ̀gá wo òkè àjà, bí ẹni tó ń ṣírò.

"Orúkọ ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa. Orúkọ ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwọ náà ka ìwé òfin. Ta ló ni ín?"

Lọ́yà Wa wojú ilẹ̀kùn.

"Mo bi ẹ́ ni. Ta ló ni ín?"

"Kò... kò tíì sẹ́ni tó ni ín, sà."

"Mi ò ní kó o ṣe nǹkan kan o," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹ́ rí ìwé àga ilé-iṣẹ́ yẹn lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá gbé e wá ni mo máa mú."

Ẹ wo bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń jalè. Wọn kì í fọwọ́ kan ẹrù. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi ọmọ òtòṣì, títí ọmọ òtòṣì á fi gbé e wá fúnra rẹ̀.

Lọ́yà Wa wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó jókòó lórí ìdérí, ó gbé fóònù jáde láti pe Bọ̀dá Wẹ́dà. Ó wo nọ́ńbà náà títí iná ojú fóònù fi kú. Ó tàn án. Ó tún kú. Ohun tó ń rí kì í ṣe àga. Ọdún méjì yẹn ló ń rí: bàtà tó ń là nítorí ìrìn, àwọn tó ń sọ pé "a máa pè ẹ́", bó ṣe ń dọ́gbọ́n sọ pé òun ò jẹun nítorí pé òun ń gbààwẹ̀. Ẹni méjì á lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìjẹun ọ̀sán, ó ṣí ìwé Bọ̀dá Wẹ́dà lórí kọ̀ǹpútà. Ó pa orúkọ ọkùnrin tó tọ́ ọ rẹ́. Ó tẹ orúkọ ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà sí i. Níbi tó ti kọ "irin", ó sọ ọ́ di "ohun èlò líle". Ó yí gbólóhùn bí i mẹ́wàá po, kó má baà jọra jù. Ó ń sáré, ó ń wo ẹ̀yìn bí olè, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ń lò.

Wákàtí kan ààbọ̀. Oṣù mọ́kànlá ọkùnrin kan, wákàtí kan ààbọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Lọ́yà Wa fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn, gbàm!

"Ẹ kú oríire," ni akọ̀wé wí. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀gá mú un sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Àwọn méjì yòókù di ẹrù wọn sínú páálí.

Ìgbà náà ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bọ̀dá Wẹ́dà máa ń béèrè. "Ìwé wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Bọ̀dá. Ìjọba kì í yára."

"Kò burú. A ti dúró pẹ́ jù báyìí lọ fún ohun tí kò tó báyìí."

Ó dín ìgbà tó ń lọ síbẹ̀ kù. Tó bá lọ, kì í wo ìhà tí àga wà. Àǹtí, tó jẹ́ pé ojú nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́ jù, rí i.

"Lọ́yà Wa, ta ló ń lé ẹ?"

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí."

"Iṣẹ́ kì í mú kéèyàn máa wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó jẹ lándọ́lọ̀ọ̀dù lówó ilé."

Lóṣù kẹjọ, pátákó ìpolówó kan yọ níwájú ilé ìwòsàn ńlá. Àga náà ló wà níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní fàdákà, òyìnbó kan jókòó sínú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá pè é.

"A gbọ́ pé wẹ́dà kan ti ń ṣe irú àga wa fún ará àdúgbò ẹ̀. Kọ lẹ́tà sí i pé kó dáwọ́ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó gbé e lọ sí kóòtù. Ìwọ lo mọ àdírẹ́sì."

Ó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó kọ ọ́. Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, òun ló kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta, Bọ̀dá Wẹ́dà dé ẹnu géètì ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí iná ti dá lu lára. Ó di lẹ́tà náà mú ní etí, bí ẹni tó mú nǹkan gbígbóná.

"Ọ́fíìsì yín ló ti wá. Wọ́n ní mo jí àga mi." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Àṣìṣe ni, àbí? Ìwọ ló yẹ kó kà á fún mi dáadáa."

Ó kà á fún un. Lórí ìdúró, nínú oòrùn, ó ka lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ẹni tó kọ ọ́ sí.

Nígbà tó parí, ọkùnrin náà ká lẹ́tà náà sápò. "Ó ti yé mi," ló wá wí. "Ọ̀gá ẹ ló lọ yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ ẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Lọ́yà Wa mi orí: bẹ́ẹ̀ ni. Orí ló fi parọ́. Ẹnu ò tiẹ̀ dá sí i.

"Olè afínjú!" Ó gbá a léjìká rọra. "Má sunkún. Tó o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé ẹ. Jókòó síbi tí wọ́n bá fi ẹ́ sí. Èmi á wá ẹni tó máa bá mi jà á."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀fọ́ náà ló sì tún ń tù ú nínú.

Ẹni tó bá Bọ̀dá Wẹ́dà jà á ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ fún mẹ̀kúnnù láìgba nǹkan kan. Lọ́yà Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wù kóòtù tó wọ̀ kúrú lápá, ó dà bíi pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fún un kó tó dàgbà jù ú lọ. Ó kọ̀wé ta ko ilé-iṣẹ́ náà, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ sì dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Àjà kejì ni yàrá ìgbẹ́jọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ti jókòó: obìnrin olùgbẹ́jọ́ lórí àga gíga, ọ̀gá, ẹnjiníà, Lọ́yà Wa pẹ̀lú fáìlì lórí itan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àga aláwọ̀ fàdákà wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe wí.

Wọ́n wá gbọ́ ìró kan láti orí àtẹ̀gùn.

Gbì. Ìdákẹ́jẹ́. Gbì. Ìdákẹ́jẹ́. Gbì.

"Kí nìyẹn?" ni olùgbẹ́jọ́ béèrè.

"Oníbàárà mi ni, Mà," ni Lọ́yà Ọ̀fẹ́ wí. "Wọ́n ń gun òkè bọ̀."

Àǹtí wọlé nínú àga onírin tó ti ń dípata, ọkọ rẹ̀ ń ti í látẹ̀yìn, òógùn bò ó. Ó kí gbogbo ilé. Ó rí Lọ́yà Wa níhà ọ̀hún, ó ṣẹ́jú sí i díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé má bẹ̀rù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ gún un lọ́kàn.

Lọ́yà Ọ̀fẹ́ dìde. "Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ ronú kan àga yìí?"

"Èmi ni."

"Ta lẹ ṣe é fún?"

"Fún gbogbo ẹni tí kò lè rìn, níbi gbogbo."

"Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ bá wa ka nọ́ńbà kẹsàn-án, ojú ìwé kẹrin."

Ẹnjiníà gbé awò wọ̀. "'Òrùka kan, lábẹ́ apá àga òsì, tí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà méjìdínlógún, tí a fi ń tú bíréèkì.'"

Lọ́yà Wa ṣí fáìlì orí itan rẹ̀. Ojú ìwé kẹrin. Kò kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò," ni Lọ́yà Ọ̀fẹ́ wí. "Kí ló gbé e dé òsì?"

"Ó lè wà níbikíbi."

"Ìwé yín ò sọ níbikíbi. Ó dáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjìdínlógún? Kí ló dé tí kò fẹ̀ débi tí gbogbo ọwọ́ á fi wọ̀ ọ́?"

Ẹnjiníà wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo tíì rẹ̀. "Ó wà... ó wà fún ẹwà."

"Ẹwà! Lábẹ́ àga!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Olùgbẹ́jọ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka yín bọ ọ́."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìka rẹ̀ dé oríkèé, ó há. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fà á yọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè," ni Lọ́yà Ọ̀fẹ́ wí. "Mà, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí wọ́n gbẹ́ akèrègbè yìí fún."

Bọ̀dá Wẹ́dà gbé ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú àga onírin. Ó gbé e sínú àga aláwọ̀ fàdákà. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí etí apá àga, ó sì fi í sílẹ̀.

Ìka kan ṣoṣo yẹn gbọ̀n. Ó nà. Ó ń wá ọ̀nà bí ọmọ tuntun tó ń wá ọmú. Ó kan òrùka, ó wọlé dé ìdí, ó bá a mu rẹ́gí. Ó fà á.

Tá! Bíréèkì tú.

Olùgbẹ́jọ́ ṣí ìwé náà padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

"Ta ló kọ ìwé yìí?" ni olùgbẹ́jọ́ béèrè.

Ọ̀gá ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. "Mà, ọmọdé kan nínú ọ́fíìsì wa ni. Ó ní ẹnu ẹnjiníà lòun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti tàn wá jẹ." Ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé sórí tábìlì. "Ẹ wò ó, wẹ́dà yìí ò fìgbà kan jẹ́ oníbàárà wa. Kò sí orúkọ ẹ̀ níbí." Ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì wo ibẹ̀. "Òun rèé."

Lọ́yà Wa dìde. Fáìlì já bọ́ lórí itan rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Mà."

"Níbo lo ti rí méjìdínlógún?"

"Rúlà mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Lára ìka Àǹtí mi."

Bọ̀dá Wẹ́dà ò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ, kò sì ju ohùn ẹni tó ń dáhùn ìkíni lọ.

"Ìwọ?"

Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n dá a padà fún oní nǹkan. Wọ́n ní Lọ́yà Wa ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́yà fún ọdún márùn-ún. Ọ̀gá ńkọ́? Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, ojú ìwé kan. Ó ṣì wà ní ọ́fíìsì yẹn, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta mìíràn bóyá ara wọn le.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Lọ́yà Wa jókòó nínú yàrá kan tó háyà, ní àjà kejì ilé kan tó jìnnà sí àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Oúnjẹ ò wù ú. Ó ti ń ro àwọn èrò kan tó ní ká má kọ síbí. Ó wá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ ilé.

Gbì. Ìdákẹ́jẹ́. Gbì.

Ó fẹ́ sá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà ní.

Bọ̀dá Wẹ́dà ti Àǹtí wọlé nínú àga, ó ń mí hẹlẹ. Ó na ìwé ẹ̀tọ́ sí i, òǹtẹ̀ ìjọba ń dán lára rẹ̀. "Wò ó. Ó ti dé."

"Ẹ kú oríire, Bọ̀dá." Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Dìde. Mo ti rò ó dáadáa. Lọ́yà Ọ̀fẹ́ ní bí kì í bá ṣe ti òrùka yẹn, à bá má rí i gbà. Ìwọ tó o yí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù po, kí ló dé tó ò yí ìyẹn?" Ojú ọkùnrin náà ń tàn bí iná wẹ́dà. "O mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún wa ni. Wọ́n fi iṣẹ́ dẹ́rù bà ẹ́, o wá dọ́gbọ́n. Ohun tí mo sọ fún gbogbo àdúgbò nìyẹn. Di ẹrù ẹ. A wá mú ẹ lọ sílé ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo. Kò tiẹ̀ ní láti la ẹnu. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi orí parọ́. Orúkọ rẹ̀ á padà, ilé rẹ̀ á padà, Lọ́yà Wa á tún di Lọ́yà Wa.

Ó wo Àǹtí. Ìka yẹn wà nínú òrùka, kò mì.

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀," ló wí. "Mo gbàgbé ni. Mò ń sáré, mi ò ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo rí i, Bọ̀dá, ǹ bá yọ ọ́."

Ìmọ́lẹ̀ ojú ọkùnrin náà kú. Ó ká ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó rọra ká a, bí ẹni pé ìwé náà ló fara pa. Ó lọ dúró lẹ́yìn àga.

"Ká máa lọ," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Àǹtí ò fa bíréèkì. Àga ò kúrò lójú kan.

"Mo ti mọ̀," ni Àǹtí wí. "Látìgbà tó ti ń sọ ọ́ káàkiri ni mo ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbé mi wá kí n wá gbọ́ èyí tó o máa sọ." "O ṣeun. Má tíì wá sílé."

Ìka náà fà. Tá! Wọ́n jáde.

Lọ́yà Wa jókòó sílẹ̀, ó ń ka ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú wọn, títí ìró náà fi dé ìsàlẹ̀, tó sì wọ ìgboro.

Báyìí, ó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ kan. Tábìlì kan, ìjókòó méjì. Ó ra ìwé ńlá kan, aláwọ̀ ewé. Kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ẹbí, orúkọ wọn ló kọ́kọ́ máa ń kọ.

Orúkọ Bọ̀dá Wẹ́dà ló wà lókè pátápátá, ní ojú ìwé kìíní. Kò tíì sí ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní Àǹtí ò sọ pé kí òun má wá. Má tíì wá ló sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lòun ń jẹ, òun lòun ń mu, òun ló ń gbé òun dìde láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọ́fíìsì, tí ọ̀gá yín ń bi yín báyìí pé ta ló ni ín, ó ní ká sọ fún yín: ẹ mọ ẹni tó ni ín. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ sókè, kí wọ́n tó gbá òǹtẹ̀.